Ojú Dúdú Nínú Òkùnkùn: Bí A Ṣe Yan Plasma Ńlá fún Pálọ̀ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tẹlifíṣàn ńlá kan yẹ ní rírà, kí ó má ṣe fi òdòdó pupa àti ẹja aláràbarà tí wọ́n máa ń gbé sójú rẹ̀ nínú ìsọ̀ dá a lẹ́jọ́. Kí ó wá fíìmù Yorùbá kan tí wọ́n yà lóru, kí ó wá ibi tí bàbá àgbà kan ti jókòó ti àtùpà nínú yàrá tí kò ní iná mìíràn, kí ó sì tẹjú mọ́ ojú bàbá náà. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ojú yẹn á di abàwọ́n dúdú kan tí kò sí ohun tó hàn níbẹ̀ ju eyín àti ẹyinjú lọ. Lórí èyí tó dára, ilà ojú á hàn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà ti bà lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á hàn, a ó sì rí i pé aṣọ tí bàbá dà bora kì í ṣe aṣọ dúdú lásán, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Àwa la ni awọ dúdú, àwa la sì fẹ́ràn ìtàn tó ń ṣẹlẹ̀ lóru. Ohun tó yẹ kó jẹ wá lógún jù lọ lára tẹlifíṣàn ni bó ṣe ń ṣe sí òkùnkùn. Èrò tí mo gbé lọ sọ́jà nìyẹn nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ tẹlifíṣàn pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, òun ló sì jẹ́ kí n ra plasma nígbà tí gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ń sọ fún mi pé ayé ti kúrò níbẹ̀.

Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ èyíkéyìí ni wọ́n ń pè ní plasma lọ́jà wa, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ojúlówó ní láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó tó sanwó. Ojúlówó plasma wúwo, gíláàsì gidi ló wà lójú rẹ̀, bí a bá sì fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, kì í rọ̀, àwòrán kì í sì í dàrú lábẹ́ ìka bó ṣe máa ń dàrú lára ọ̀pọ̀ LCD, irú tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà. Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n pa pọ̀, tí wọ́n sì pín àárín wọn sí yàrá kéékèèké, wọ́n wá fi gáàsì neon àti xenon kún inú àwọn yàrá náà. Nígbà tí iná mànàmáná bá gba inú gáàsì yìí kọjá, yóò tú ìtànṣán ultraviolet jáde, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìtànṣán náà yóò kan ìyẹ̀fun phosphor tí wọ́n fi kun ara yàrá, ìyẹ̀fun náà yóò sì tàn, ti yàrá kan ní pupa, ti èkejì ní àwọ̀ ewé, ti ẹ̀kẹta ní búlúù. Yàrá mẹ́ta yìí ló ń para pọ̀ di píksẹ́lì kan. Lórí tẹlifíṣàn Full HD tó ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, yàrá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6.

Ibẹ̀ ni dúdú rẹ̀ ti wá. Yàrá tí iná kò bá kàn kò ní tàn, tàbí kí ìtànná rẹ̀ kéré débi pé ojú kò ní kà á sí. LCD kò rí bẹ́ẹ̀: iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn ṣáá, iṣẹ́ àwọn krístálì olómi tó wà níwájú sì ni láti dí iná náà níbi tí àwòrán bá ti yẹ kó dúdú, ṣùgbọ́n iná máa ń jò gbà ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Èyí tí wọ́n kọ LED sí lára páálí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. LCD ni, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi LED ṣe.

Ìtàn plasma ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní 1964, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Donald Bitzer àti Gene Slottow pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọn Robert Willson ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe fíìmù tàbí bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn wọn. Kọ̀ǹpútà ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ PLATO ni wọ́n ń wá ojú fún. Àwọ̀ ọsàn nìkan ló ń tàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1997, nígbà tí Philips gbé oní-íǹṣì 42 dé ọjà Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 15,000. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2007, Pioneer gbé Kuro jáde, dúdú rẹ̀ sì jinlẹ̀ débi pé àwọn tó mọ tinú tẹ̀yìn tẹlifíṣàn fi í ṣe òdiwọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ní 2009 ni Pioneer kéde pé òun ń fi iṣẹ́ tẹlifíṣàn sílẹ̀. Panasonic dá ṣíṣe plasma dúró ní ìparí 2013, Samsung àti LG sì tẹ̀ lé e ní 2014. Kì í ṣe pé àwòrán rẹ̀ burú ni wọ́n ṣe pa á tì. LCD fúyẹ́ jù ú lọ, kò jẹ iná tó o, ó rọrùn láti sọ di 4K, tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD, ó sì máa ń tàn yòò nínú ìsọ̀, nínú ìsọ̀ yìí gan-an ni plasma sì ti pàdánù.

Mo fi ojú ara mi rí ìdí rẹ̀. Ní ìsọ̀ tí mo wọ̀ ní Dùgbẹ̀, plasma oní-íǹṣì 50 kan, Panasonic, tòkunbọ̀ láti ìlú Ọba, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LCD tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Iná gbọọrọ mẹ́rin ló ń tàn lórí àjà, oòrùn sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. LCD ń kọ mànà. Plasma dà bí èyí tí iná rẹ̀ ti rẹ̀, òjìji mi àti ti iná orí àjà sì hàn kedere lójú gíláàsì rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi irọ́ ta ọjà fún yín. Èyí ti ń ti ìgbà bọ̀. Ẹ wo bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́.”

Mo ní kí ó bá mi pa iná ìsọ̀.

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?”

“Ṣáà bá mi pa á, àbúrò. Alẹ́ la máa ń wo tẹlifíṣàn nílé wa.”

Ó pa iná, ó sì fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀ dé ìdajì. Mo ti gbé fíìmù mi lọ sínú fílásì USB, a sì fi sí méjèèjì níkọ̀ọ̀kan, ibì kan náà, àwòrán kan náà. Lórí LCD, òkùnkùn yàrá náà di eérú; igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú rẹ̀ ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni pé òṣùpá ń là lẹ́yìn rẹ̀, bàbá inú fíìmù sì wọ inú eérú yẹn lọ. Lórí plasma, ògiri ẹ̀yìn bàbá dúdú, irun orí rẹ̀ dúdú, síbẹ̀ a rí ibi tí irun ti parí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, èkejì wà nínú òjìji, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ń rá láti orí ìkínní bọ́ sórí èkejì láìsí pé ó gé sí méjì. Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, “Haa, ojú bàbá yìí mà jáde o.”

Kí n tó kúrò lórí èyí, mo gbọ́dọ̀ sọ pé plasma kò pé tán nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lè kan án yóò rí i pé inú àwọn ibi dúdú ń gbọ̀n wìnrìnwìnrìn pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tí kò dúró lójú kan, nítorí pé títan àti pípa ni yàrá kọ̀ọ̀kan mọ̀, bí wọ́n ṣe ń yára tan án tí wọ́n ń yára pa á ni wọ́n fi ń ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí ojú rẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n lára pé àwòrán ń ṣẹ́jú, pàápàá níbi tó bá funfun. Bí a bá jókòó síbi tó yẹ, ojú tèmi kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Bí a ṣe ń to pálọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ràn nípa tẹlifíṣàn lókè òkun máa ń ya àga gígùn kan tó kọjú sí tẹlifíṣàn tààrà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta lórí rẹ̀, ó tán. Ní ilé wa àti ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, àga tò mọ́ ògiri mẹ́ta, àlejò wà, ọmọ wà lórí ilẹ̀, ẹnì kan sì máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá wa kì í jókòó síbòmíràn ju àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibi tó ti ń wo tẹlifíṣàn láti ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ LCD ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí tí dúdú rẹ̀ sì máa ń di funfun bí a bá ti yẹ̀ kúrò láàárín. Plasma kò mọ ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀ sí àárín. Èmi kò lè ra tẹlifíṣàn tí yóò jẹ́ pé ẹni tó kéré jù nílé ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú, tí ìyá tó ni ilé sì ń wo èyí tó ti ṣá.

Ní ti bọ́ọ̀lù, mi ò ní sọ púpọ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti igun dé igun kì í fa ìrù lójú plasma bó ṣe máa ń fà á lójú ọ̀pọ̀ LCD ìgbà náà, nọ́ńbà ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù sì máa ń ṣeé kà bó ti ń sáré.

Ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó tóbi tó gba ìrònú ju bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe fẹ́ lọ. Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn íǹṣì, nítorí náà oní-íǹṣì 50 kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 110 ní ìbú àti 62 ní òró lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún tóbi ju ti oní-íǹṣì 42 lọ. Ohun tí ènìyàn ń wò lórí rẹ̀ ló yẹ kó sọ iye íǹṣì tí yóò rà. Ọ̀pọ̀ fíìmù wa àtijọ́ ló wà lórí VCD, píksẹ́lì VCD kò sì ju 352 ní ìbú àti 288 ní òró lọ. Full HD fi nǹkan bí ìlọ́po 20 ju ìyẹn lọ. Tẹlifíṣàn ní láti fa àwòrán kékeré yẹn kún ojú ńlá, bí ojú náà bá sì ṣe tóbi tó ni àbùkù rẹ̀ ṣe ń hàn tó. Mo tún rí i pé ọ̀pọ̀ plasma oní-íǹṣì 50 tó wà lọ́jà kì í ṣe Full HD, píksẹ́lì 1,366 lọ́nà 768 ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ oní-íǹṣì 42 a máa ní 1,024 lọ́nà 768. Fún ẹni tó ń wo VCD, DVD àti ìkànnì tí kì í ṣe HD láti ibi tó tó mítà mẹ́ta, èyí ti tó, owó rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀. Èmi yan Full HD nítorí pé àwọn ọmọ ń wo nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àga wa tó súnmọ́ ọn jù sì wà ní nǹkan bí mítà méjì àtààbọ̀. Mo kọ oní-íǹṣì 60 sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó wà láàárín wọn kò pọ̀, torí iná tó ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró lé lórí dáadáa. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn plasma oní-íǹṣì 50 àtijọ́ lè kọ 400 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ LCD tuntun tó tóbi bákan náà lè má ju 100 lọ. Òótọ́ ni pé iye tó wà lára ìwé náà ni òpin agbára rẹ̀, àti pé bí àwòrán bá ṣe ṣókùnkùn tó ni plasma ṣe ń jẹ iná kéré tó; mo fi míta kékeré kan wọ̀n ọ́n nílé, fíìmù alẹ́ ń jẹ nǹkan bí 200 wáàtì, pápá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán gangan sì ń kọjá 350. Ṣùgbọ́n kí a fi 350 ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, ẹni tó bá ń wo irú tẹlifíṣàn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ á san nǹkan bí ₦390 lóòjọ́, èyí tó sún mọ́ ₦12,000 lóṣù; LCD oní-100 wáàtì kò ní ju ₦3,400 lọ. Owó tí plasma fi pọ́ọ́kú ní ìsọ̀ lè bá ọ̀nà yìí padà lọ.

Níbi tí kò bá sí iná NEPA, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 12 volt, 200 Ah, kò ní ju wáàtì 2,400 fún wákàtí kan nínú, kò sì yẹ kí a lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Plasma nìkan yóò mu ìdajì yẹn tán láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, láìtíì ka fáànù àti gílóòbù sí i. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” lè gbé e, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ a máa lọ sókè sódò, bọ́ọ̀dù iná inú plasma kò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sítébíláísà tó dára kí ó kọ́kọ́ rà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ló sì ní kí ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù: 120 volt nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò dà bí fóònù tó ń gba iná èyíkéyìí. Tòkunbọ̀ tó bá ti ìlú Ọba tàbí Jámánì wá ń gba 220 sí 240 bíi tiwa, kò sì ní nílò transformer. Ti gbígba ìkànnì láfẹ́fẹ́ kò ní dà yín láàmú, nítorí dẹkódà ni gbogbo wa ń lò, HDMI ni yóò sì gbà wọlé.

Tòkunbọ̀ ni plasma yòówù tí ènìyàn bá rà lónìí, ó ti gbé ayé ẹlòmíràn rí. Nítorí náà mo ní kí ọmọkùnrin yẹn jẹ́ kí ó tàn ju wákàtí kan lọ kí n tó dúnàá-dúrà, torí pé àìsàn mìíràn wà tí kì í yọjú àfi bí ara rẹ̀ bá gbóná. Mo kó àwòrán tí kò ní nǹkan kan nínú ju àwọ̀ kan ṣoṣo lọ sínú fílásì: funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni òjìji, ìyẹn àpá tí àwòrán tó dúró pẹ́ lójú kan máa ń fi sílẹ̀, ti máa ń hàn. Lórí ọ̀kan tí mo yẹ̀ wò ṣáájú, mo rí àpá ìkànnì ìròyìn kan kedere, àmì rẹ̀ ní igun òkè, pátákó ọ̀rọ̀ tó ń sáré nísàlẹ̀. Ó jọ pé inú òtẹ́ẹ̀lì ló ti wá. Irú àpá bẹ́ẹ̀ kì í lọ mọ́. Mo wò bóyá ìlà kan là á kọjá, lóòró tàbí ní ìbú, nítorí bí bọ́ọ̀dù tó ń darí ìlà bá ti kú, owó àtúnṣe lè ju owó tẹlifíṣàn lọ. Mo fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kíkùn díẹ̀ kò burú bí àwòrán bá funfun, gbogbo plasma ló ń kùn. Èyí tí ariwo rẹ̀ bá dé ibi àga, kí a fi sílẹ̀.

Àpá yẹn sì lè ṣẹ̀ nílé wa náà bí a kò bá ṣọ́ra. Àkọlé E16 tí DStv máa ń gbé síta bí owó bá ti tán ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ẹnì kan lè fi í síbẹ̀ kí ó sùn lọ. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún gbogbo ilé pé bí àwòrán kò bá rìn, kí wọ́n pa á. Òjìji tó bá kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, irú ti nọ́ńbà góólù lápá òkè, máa ń pòórá bí a bá wo nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀, kò sì yẹ kó já ènìyàn láyà.

Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ ń gba oòrùn ọ̀sán, tó sì jẹ́ pé ọ̀sán ló ń wo tẹlifíṣàn, kí ó ra LCD. Ẹni tó fẹ́ gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì láti máa fi orin hàn, tàbí sí ìsọ̀ láti máa fi owó ọjà hàn, kí ó má dé ìdí plasma rárá. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká OLED, kí ó rà á, nítorí ohun kan náà ni òun àti plasma ń ṣe: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó sì ń kú pátápátá, èyí tí plasma kò lè ṣe, láìjẹ iná tó plasma; àpá nìkan ni kí ó máa ṣọ́ra fún lórí ìyẹn náà. Owó OLED oní-íǹṣì 55 ní ọjà wa jìnnà réré sí tiwa lọ́dún tí a ra èyí.

Kò lè wọ inú Micra, nítorí náà bọ́ọ̀sì la fi gbé e délé, ní ìnàró, ọmọkùnrin méjì dì í mú láti Dùgbẹ̀ títí dé ẹnu géètì, torí pé bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìwúwo gíláàsì náà fúnra rẹ̀ lè mú kó là nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Orí tábìlì igi la gbé e lé dípò ògiri, a sì fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ooru lè ríbi gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ọ́ kúrò lórí Dynamic, ètò àwòrán tó ń tàn yòò tí ìsọ̀ fi sí, mo gbé e sí Cinema, èyí tó wà fún fíìmù, mo sì ń fi rìmóòtù sún Brightness sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí irun bàbá inú fíìmù fi yà kúrò lára ògiri. Nígbà tí mo fi ẹyọ kan kọjá ibẹ̀, ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í di eérú, mo sì dá a padà. Fún ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, mo ṣe ètò kejì tó mọ́ jù ú lọ, mo sì kọ́ ìyá wa bí yóò ṣe máa fi bọ́tìnì kan yí i láti orí ọ̀kan sí èkejì.